"Ilẹ̀ òkú" àbí ilẹ̀ tó ṣá?

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ilẹ̀ oko tí kò mú irè wá dáadáa mọ́ ní "ilẹ̀ òkú". Mi ò fara mọ́ ọn. Àwọn àgbẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn: wọ́n ní ilẹ̀ náà ti ṣá. Aṣọ tó ṣá, àwọ̀ ló lọ lára rẹ̀, kò ya. Ohun tí wọ́n sì ń fi tún un ṣe ni ajílẹ̀, ohun tó ń jí ilẹ̀. Ẹni tó sùn là ń jí; iṣẹ́ ìyanu ni jíjí òkú, kì í ṣe iṣẹ́ oko.

Ìdí kejì ló ká mi lára jù. Bí gbogbo àìsàn ilẹ̀ bá ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, àgbẹ̀ á lo oògùn tí kò bá a mu. Ilẹ̀ tó ṣá, oúnjẹ inú rẹ̀ ló tán. Ilẹ̀ kíkan yàtọ̀: bí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń wálẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń kan sí i, bá wálẹ̀ kọjá 5.5, àlùmíníọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á máa yọ́, á máa ba gbòǹgbò jẹ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ ọ̀gbìn, á sì há mọ́ ilẹ̀ débi tí ọ̀gbìn kò fi ní rí i fà. Ẹni tó ń da yúríà, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ṣe ló ń mú un kan sí i. Òkúta láìmù lílọ̀, èyí tó ń pa kíkan ilẹ̀, ló nílò: lẹ́yìn àyẹ̀wò ilẹ̀, ó sábà máa ń tó gíráàmù 100 sí 200 lórí mítà kan níbùú lóròó, kí a rò ó wọnú ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú gbíngbìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí a má pe èyí ní ẹfun. Amọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ẹfun, amọ̀ kì í sì í pa kíkan ilẹ̀. Ilẹ̀ tó ki pàpà náà tún lọ́tọ̀: gbòǹgbò kò rọ́nà wọlé, bó ti wù kí oúnjẹ pọ̀ tó nísàlẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ ká pe kọ́ńpóòsì, ìyẹn ewé àti imí ẹran tí a kó jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀, ní "ààtàn". Ààtàn ni ibi tí à ń da ohunkóhun sí, títí kan ọ̀rá àti ìgò. "Àkójẹrà" ni mo dábàá, torí pé nínú kíkó ni iṣẹ́ wà: ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta pòròpórò àti ewé gbígbẹ sí ìwọ̀n kan ewé tútù tàbí imí ẹran, kí òkìtì náà tó mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga, torí ooru kì í dúró nínú èyí tó kéré. Bí a bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kán omi díẹ̀ ló yẹ kó jáde. Ooru inú rẹ̀ á dé 55 sí 65 °C, á sì pa èso èpò. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀, ká yí i, kí ti ìta bọ́ sínú. Bó bá ń rùn, omi tàbí ewé tútù ti pọ̀ jù: ká fi gbígbẹ kún un. Bí kò bá gbóná, ó gbẹ jù tàbí imí ẹran kò tó.

"Jẹrà" inú orúkọ náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí a bá ro pòròpórò gbígbẹ tí kò tíì jẹrà mọ́ ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìrí tó ń jẹ ẹ́ á gba náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, mọ́ ọ̀gbìn lọ́wọ́, ewé á sì pọ́n rúsúrúsú. Irú èyí, ẹ jẹ́ ká má fún un lórúkọ ajílẹ̀ rárá.