"Jẹjẹrẹ ìdí" kọ́, ẹ jọ̀ọ́ (àti ọ̀rọ̀ "àpòpọ̀ ewé")

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀fà ló dá a sílẹ̀ lánàá pé ká máa pe jẹjẹrẹ tó ń mú ìfun ńlá títí dé ibi tí ìfun ti ń parí ní "jẹjẹrẹ ìdí", pé ó rọrùn lẹ́nu, àti pé ohun tí wọ́n ń yọ lára igi àti ewé láti fi bá a jà, ká máa pè é ní "àpòpọ̀ ewé". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn, ti àkọ́kọ́ tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.

Mi ò dá a rò. Láàárọ̀ yìí mo gba ọjà Ìpàta kọjá, mo bá ìyá alágbo kan tí mo máa ń kí, mo ní Ìyá, tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé òun ní jẹjẹrẹ ìdí, kí lẹ máa gbọ́? Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Jẹ̀dí ni kẹ̀. Jẹ̀dí tó ti pẹ́ lára." Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára ike kan, omi inú ẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọ́n sè gbó, kánáfùrù ń ta sánsán, ó ní kẹ́ni náà mu ún láàárọ̀, kó mu ún lálẹ́, tó bá ti yàgbẹ́ dáadáa, ìdọ̀tí ti jáde nìyẹn. Mo ra ike kan nítorí ojú.

Ẹ ò rí i? Jẹ ló wà nínú jẹjẹrẹ, ẹ wá fi ìdí tẹ̀ lé e, jẹ pàdé ìdí, kí ló tún kù tí kì í ṣe jẹ̀dí? Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ nílùú wa, á ní ṣúgà lòun jẹ jù, á fi àgbo lé e títí, ìgbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, nǹkan lè ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ojú lásán ò lè yà wọ́n. Káwa wá sọ orúkọ tó tún so wọ́n pọ̀? "Jẹjẹrẹ ìfun ńlá" lèmi fara mọ́, kó gùn díẹ̀, kò burú.

Ó kan àpòpọ̀. Nínú kẹ́mísìrì, ọ̀rọ̀ gidi ni fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "compound", mi ò bá a jà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, ìkòkò àgbo lèèyàn máa rí, ewé oríṣiríṣi, egbò, omidùn. Bẹ́ẹ̀ ohun táwọn onísáyẹ́ǹsì ń sọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n yọ kúrò láàárín gbogbo ìyókù. Igi kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní igi ayọ̀, àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Wall àti Wani, ní Amẹ́ríkà rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní camptothecin nínú ẹ̀, wọ́n kéde ẹ̀ ní 1966, ó le jù lára aláìsàn, kì í sì yòrò dáadáa nínú omi, ni wọ́n bá ń tún un ṣe títí ó fi di oògùn irinotecan, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996 fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó ti ràn káàkiri. Títí dòní wọ́n ń fún aláìsàn, bíi dírípù. Kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rí DNA ẹ̀, ìyẹn okùn ìsọfúnni inú ẹ̀, tú kó fi bí òmíì, ibẹ̀ ló ti ń kú. Ó tún máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó lè pààyàn, ṣé ẹ wá rí i, ohun tí ìyá Ìpàta ń fi yangàn ni dókítà ń sá fún.

"Èròjà inú igi" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká pè é jàre. Ẹnì kan ti ń sọ pé èròjà ni ata àti iyọ̀, ti ọbẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ pé atalẹ̀ pupa "ń wo" jẹjẹrẹ yìí sàn. Háà. Curcumin inú ẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo lábù, òótọ́ ni, omi gbígbóná náà á pa á níbẹ̀. Téèyàn bá gbé e mì, díẹ̀ bíńtín ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. "Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò" la lè kọ, kò tíì kan "wò sàn".

Ibi tó há mi lọ́fun báyìí ni ìparí ìfun yẹn. "Ìfun ìdí" lẹnu mi ń fẹ́ sọ, ìdí náà tún dé. Ẹni tó bá lórúkọ tí ìdí ò sí nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ kó mú un wá. Ike àgbo yẹn ṣì wà nínú mọ́tò mi o.