Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ṣéènì rẹ̀ ń fò: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè níjọ́sí pé kí ló ń mú kí ṣéènì kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ tí mo rà ní Àbújá máa fò bí mo bá ń gun òkè, tí bírékì iwájú sì ń han gooro.

Wáyà jíà ni o! Ẹni tó ní kí n yẹ wáyà wò ná kí n tó ra ṣéènì tuntun ló gbà mí. Bí mo ṣe fà á jáde, eruku ọyẹ́ ti bá gíríìsì dì mọ́ ọn lára, ó sì ti dípẹtà níbi tó ti wọ inú rọ́bà. Mo pààrọ̀ wáyà àti rọ́bà tó wọ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, mo wá ń yí kókó kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ jíà ní ìdámẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ṣéènì bá ń lọ́ra láti gun àwo eléyín ńlá, ẹ dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ yí kókó náà sọ́wọ́ òsì. Bó bá ń lọ́ra láti sọ̀ sí kékeré, ọwọ́ ọ̀tún ni.

Mo gùn ún lórí òkè tó wà lẹ́bàá ilé wa ní Kúbwà, kò fò rárá. Wáyà tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ ṣá, mo ṣì tún un yí lẹ́yìn náà.

Sáńpépà tí ẹ ní kí n fi ha rọ́bà bírékì dín ariwo kù, kò pa á tán. Rọ́bà ọ̀hún ti gan. Mo máa wá òmíràn ní ọjà Wúsè.