Mọ́tò mi fara gbá n'Ìwó Road, adójútòfò ní 270,000 péré làwọn máa san: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OlukoAkobo:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, orí ti ń fọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ti dé Ìwó Road n'Ìbàdàn níbí, Sienna kan, ọkọ̀ aládàáni ni, ó ń sá fún ihò, ló bá já wọ ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbá fẹ́ńdà ọ̀tún wọlé, bọ́mpà já sílẹ̀ lápá kan, iná iwájú ọ̀tún fọ́ yángá, bónẹ́ẹ̀tì ká sókè kò sì pa dé mọ́, okùn ni mo fi so ó wálé. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Awakọ̀ yẹn ò bá mi jiyàn, ó gbà pé òun lòun jẹ̀bi, a jọ lọ sí tésàn, àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, mo ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti ìwé third party rẹ̀, ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni téèyàn bá gbá.

Corolla 2010 ni tèmi, sílífà. Comprehensive ni mo ṣe fún un, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń tún mọ́tò ẹni fúnra ẹ̀ ṣe, láti 2022 ni mo ti ń san án lọ́dọọdún, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Panẹbítà àdúgbò wa ní gbogbo ẹ̀ á jẹ́ 640,000. Ẹni tí adójútòfò rán wá wo mọ́tò ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ya fọ́tò, ó lọ, wọ́n wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ lánàá pé 270,000 làwọn máa san, kí n wá fọwọ́ sí discharge voucher, ìwé pé mo ti gba owó mi tán. Wọ́n ní tí mi ò bá fẹ́ owó, àwọn lè gbé mọ́tò lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù tiwọn, àmọ́ kí n san ìyókù. Ṣé kí n gbowó ni àbí kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ? Ta lẹ sì mọ̀ n'Ìbàdàn tó mọ iṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì dáadáa, tí ò ní fi pọ́tì bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀?

AwakoOnaEko:
Àǹtí ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan o! Ẹ má fọwọ́ sí i rárá! Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2023 nìyẹn, mo rí owó mo rò pé ó pọ̀, mo fọwọ́ sí voucher, ìgbà tí wọ́n tú bọ́mpà la rí i pé irin tó gbé rédíétọ̀ dúró ti tẹ̀, rédíétọ̀ náà ti ń jò, mo padà lọ bá wọn, wọ́n tẹ́ ìwé tí mo fọwọ́ sí síwájú mi, wọ́n fi ìka tọ́ ọ fún mi níbi tó ti kọ ọ́ pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi, pé kò ku nǹkan kan mọ́ láàárín èmi àtàwọn. Mo dúró níwájú tábìlì yẹn mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tú iwájú mọ́tò yẹn kí ẹ tó mọ iye tẹ́ ẹ máa gbà.

OmoIjebu_1:
Ẹ gba 270 yẹn jàre kẹ́ ẹ fi tiyín kún un, àwọn èèyàn yẹn á fi yín rìn títí ẹ ó fi sú. Ọdún tó kọjá oṣù méje ni mo fi lé wọn.

BrokerEko:
Ẹ̀gbọ́n OmoIjebu ẹ pẹ̀lẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àǹtí ní ìbéèrè kan kó tó di pé wọ́n gba ohunkóhun. Iṣẹ́ bùrókà ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún méjìlá. Àǹtí, ẹ mú ìwé ìnṣọ́ránsì yín jáde, ẹ wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé mọ́tò tó, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ san o, iye mọ́tò fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wá gbólóhùn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní average.

OlukoAkobo:
Mo ti rí i. 3,000,000 ni wọ́n kọ. Gbólóhùn average yẹn wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ni, lẹ́tà kéékèèké. Ẹ ṣeun bùrókà.

BrokerEko:
Ibẹ̀ ni 270,000 ti wá. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ní 2022 tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, mọ́tò yẹn lè tó 3 mílíọ̀nù lóòótọ́, ẹ ò wá yí i padà látìgbà náà. Lónìí, èló la máa rí Corolla tó wà ní ipò tiyín rà, ká ní 6 mílíọ̀nù. Ìdajì mọ́tò nìkan lẹ ṣe ìnṣọ́ránsì fún nìyẹn, average yẹn ni wọ́n á fi ní ìdajì kejì, ọrùn yín ló wà. Ó jọ pé wọ́n gba 600,000 nínú 640,000 tí panẹbítà kọ, ìdajì ẹ̀ 300,000, wọ́n wá yọ excess, ìyẹn iye tí onímọ́tò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 30,000, ó ku 270,000 géérégé. Wọn ò rẹ́ yín jẹ lórí ìṣirò, ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó pè yín ní gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ń san án pé "àǹtí, mọ́tò yín ti wọ́n sí i, ẹ jẹ́ ká tún iye yìí kọ." Iṣẹ́ wa nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í ṣe é.

Ìdí táwọn onímọ́tò náà kì í fi í béèrè ni pé láti oṣù kìíní 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn adójútòfò, ti ní owó comprehensive ò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò lọ. 3 mílíọ̀nù, ẹ san 150,000. 6 mílíọ̀nù, 300,000. Èèyàn á wò ó pé kí lòun ń ṣe pẹ̀lú 150,000 tó kù yẹn, òun náà kì í ṣáà ní jàǹbá. Ọjọ́ tí Sienna bá ya lu ni à ń mọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà o. Nígbà kan náà ní 2023 ni owó third party ọkọ̀ aládàáni kúrò ní 5,000 tó di 15,000, iye tí wọ́n lè san fún dúkìá ẹni tí wọ́n bà jẹ́ kúrò ní mílíọ̀nù kan tó di mílíọ̀nù mẹ́ta. Onísienna yẹn ló jẹ̀bi, ó gbà bẹ́ẹ̀ lójú ọlọ́pàá. Adójútòfò tiẹ̀ ló yẹ kó tún mọ́tò yín ṣe, àwọn yẹn ò ní í bá yín sọ̀rọ̀ average, torí average wà láàárín ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ tiyín ni, kò kàn wọ́n. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ojúlówó ni ìwé ẹ̀, ẹ wọ askniid.org kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù. Ayédèrú ìwé pọ̀ nígboro ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ kó fọ́tò àti ìwé panẹbítà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún tiyín náà pé ibẹ̀ lẹ ń lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbowó níbi méjì lórí ìbàjẹ́ kan náà o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún mọ́tò yẹn ṣe kí wọ́n tó wá wò ó.

AwakoOnaEko:
Tí wọ́n bá wá dákẹ́ síbẹ̀ ńkọ́?

BrokerEko:
Ẹ kọ lẹ́tà kejì, ẹ fún wọn ní ọjọ́. Tí wọn ò bá tún dáhùn, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, gbogbo lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ yẹn lẹ máa kó lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ti gbọ́ NAICOM, fáìlì á jáde.

BabaPanel_Mokola:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Àǹtí tíṣà, ẹ kú ewu. Iṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe ní Mókọ́lá, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi títí dòní ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo wo fọ́tò mọ́tò tẹ́ ẹ gbé síbí dáadáa. Ẹ wo ibi tí bónẹ́ẹ̀tì ti ká sókè yẹn, àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ àti fẹ́ńdà òsì, tí wọn ò gbá, ó fẹ̀ lókè, ó há nísàlẹ̀. Ìyẹn ń sọ fún mi pé iwájú mọ́tò ti yẹ̀ lọ sápá kan, kì í ṣe fẹ́ńdà nìkan. Kọ́ńdẹ́nsà éèsì ló wà níwájú rédíétọ̀ gan-an, òun ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹ tan éèsì yín, tí kò bá tutù mọ́, ẹ ti mọ̀ nìyẹn. 640,000 yẹn ò tó, ẹni tó kọ ọ́ ò tú u wò.

Ọ̀rọ̀ pọ́tì tẹ́ ẹ sọ, kì í ṣe pé pọ́tì burú, kò sí panẹbítà tí kì í lò ó. Àmọ́ tín-ínrín ló yẹ kó jẹ́, kó kàn fi di ojú ibi tí hámà ti kàn. Ẹni tí ò bá lè lu irin títí tó fi padà sí bó ṣe wà ló máa ń fi pọ́tì kún kòtò, tó bá di oṣù mẹ́fà tí òjò àti oòrùn ti lù ú, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, á ṣí sílẹ̀ bí èèpo. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì yẹn náà, ẹ fi sí ara fẹ́ńdà tí wọ́n tún ṣe, tí kò bá gbá a mú, pọ́tì ló nípọn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan panẹbítà, ẹ má wo mọ́tò tó ti parí tó ń dán nìkan, ẹ béèrè èyí tí wọn ò tíì kùn, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọwọ́ ẹ̀.

Sílífà náà le láti bá mu. Ẹni tó bá kùn fẹ́ńdà nìkan, tó gé e síbẹ̀ gẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò sínú oòrùn ẹ máa rí i pé fẹ́ńdà dá yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ wọ ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ kójú má lè mọ ibi tó parí sí. Ẹ bi í kó tó bẹ̀rẹ̀ pé báwo ló ṣe máa ṣe é.

AlhajaGate:
Ẹ tẹ́tí sí Baba o. Èmi, ìtàjà spare parts ni mò ń ṣe ní Gate. Àǹtí mi, ẹ máa lọ ra ẹrù yín fúnra yín, tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ lé panẹbítà lọ. Iná iwájú Corolla yẹn, tòkunbọ̀ tó dáa wà, ayédèrú tuntun náà wà tó máa ń dán gan-an lójú ìsọ̀, tómi bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré inú ẹ̀ á ṣú. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tẹ́ ẹ bá rí gọ́ọ̀mù tuntun níbẹ̀, wọ́n ti ṣí i rí nìyẹn, ẹ dá a padà. Fẹ́ńdà tòkunbọ̀ tó jẹ́ sílífà látilẹ̀ wá, ẹ gbé e, ó máa dín iṣẹ́ kíkùn kù. Kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò gbogbo abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó fi mọ́tò sílẹ̀ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, bátìrì, iná òsì tí kò fọ́, táyà àpọ̀jù, iye epo tó wà nínú ẹ̀. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè, ṣùgbọ́n mo ti rí oníbàárà tó sunkún lójú mi nítorí bátìrì.

MamaIbeji_Bodija:
Mo fẹ́ sọ ti wọ́kíṣọ́ọ̀bù adójútòfò torí gbogbo yín ń sá fún un. Ibẹ̀ ni mo gbé tèmi lọ, wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n fún mi ní ìwé pé tí kíkùn bá ṣí láàárín ọdún kan kí n dá a padà, ó ṣí lóòótọ́ lára bọ́mpà, wọ́n sì tún un kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ, ẹ gba ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó gbà.

OlukoAkobo (ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà):
Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín, mo ní kí n má kàn gba ìmọ̀ràn kí n sá lọ. Mo tẹ nọ́ńbà Sienna yẹn sí askniid lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ojúlówó ni. Mi ò fọwọ́ sí voucher. Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tiẹ̀, mo gba òǹtẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá wọn ò dáhùn, mo kọ ìkejì, mo fi kún un pé NAICOM ló kàn, ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí.

Ẹni tí wọ́n rán wá, Mókọ́lá ló bá mọ́tò. Baba tú bọ́mpà lójú ẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Kọ́ńdẹ́nsà ti ká bí ewé, irin tó gbé rédíétọ̀ dúró ti tẹ̀ sẹ́yìn, Baba fi okùn wọn ọ́n láti apá kan sí èkejì, ó fi hàn án pé apá ọ̀tún fi ìka méjì kúrú. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kò yára rárá. Baba wá kọ 715,000, wọ́n san 680,000, wọ́n ní iná iwájú tòkunbọ̀ làwọn máa san kì í ṣe tuntun, mo gbà, torí tòkunbọ̀ náà ni Alhaja ti bá mi yàn sílẹ̀, ẹ ṣeun Alhaja. 35,000 yòókù, onísienna fi ránṣẹ́ sí mi fúnra ẹ̀, mi ò tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, mo kàn sọ fún un pé wọ́n ti sanwó.

Mo ti pe adójútòfò tèmi náà, a ti tún iye mọ́tò kọ, 6 mílíọ̀nù, mo san ìyàtọ̀ ẹ̀, ó wúwo lórí owó oṣù tíṣà àmọ́ mo san án. Mo gba mọ́tò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbé e sínú oòrùn bí Baba ṣe wí, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì rìn láti fẹ́ńdà dé ilẹ̀kùn, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ni. Bónẹ́ẹ̀tì náà, ọwọ́ kan ni mo fi tì í, ó dún kọ́, ó pa dé.

BabaPanel_Mokola:
A dúpẹ́. Ẹ má fọ̀ ọ́ ní ká-wọ́ọ̀ṣì tó ń fi pọ́ǹpù olágbára fọ mọ́tò títí oṣù kan á fi pé o àǹtí, omi lásán àti àkísà rírọ̀ ni.

OlukoAkobo:
Mo ti gbọ́ sà. Ẹ ṣeun.