Kànga wa ò jìnnà sí ààtàn, ṣé ká ṣì máa mu ún?

Ìyá Dámi
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó délé tuntun n'Íbàdàn, ilé yẹn dáa, owó ẹ̀ ò sì ga, àfi pé ààtàn ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, téèyàn bá fẹsẹ̀ rìn kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kànga wa kì í gbẹ, omi ẹ̀ mọ́ lójú, kò rùn. Àmọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì wá bu omi àdúgbò fún ìwádìí ẹ̀, ó ní kí n má fi po oúnjẹ ọmọ mi o, pé òjé lè wà nínú ẹ̀. Bàbá onílé ní láti ọjọ́ tóun ti ń mu ún kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún méjì. Tí mo bá sè é dáadáa ńkọ́? Tí mo bá da álọ́ọ̀mù sí i?

Adéolú_Láàbù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Iná ń pa kòkòrò ni, kò lè pa òjé. Omi ló máa gbẹ lórí iná, òjé ò ní bá a lọ, èyí tó kù nínú ìkòkò á tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé álọ́ọ̀mù náà. Ẹ gbé omi yẹn lọ sí láàbù, ẹ ní kí wọ́n wo lead (òjé yẹn náà ni), cadmium àti chromium (irin olóró bíi ti òjé ni wọ́n), torí tẹ́ ẹ bá kàn ní "ẹ bá mi yẹ omi wò" kòkòrò táífọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n lè wò. Lead ò gbọdọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan, cadmium 0.003. Ojú ò lè rí ìyẹn láéláé.

Ṣẹ̀yẹ
Ẹ wo ohun tá à ń dà síbẹ̀ ná: bátìrì mọ́tò, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tídìí ẹ̀ gùn (òjé wà nínú gíláàsì ẹ̀), iná gígùn tó ní mẹ́kúrì, ọ̀dà. Òjò á rọ̀ sí gbogbo ẹ̀, omi dúdú á máa sun jáde lábẹ́, ilẹ̀ á fà á mu títí táá fi kan omi kànga. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe ààtàn bó ṣe yẹ, wọ́n á tẹ́ amọ̀ àti rọ́bà tó nípọn sísàlẹ̀ kí wọ́n tó da nǹkan kan sí i. Àwa kàn ń dà á sílẹ̀ ni! Ààtàn Olúṣósùn tó wà l'Ójòta l'Ékòó láti 1992, nǹkan bíi 100 éékà, ilé ti yí i ká, ó sì gbiná lóṣù kẹta 2018, gbogbo èéfín yẹn làwọn èèyàn fà símú. Ó ń dùn mí gan-an.

Àǹtí Bísí
Ìyá Dámi, ẹ má tẹ̀lé ti bàbá onílé o. WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) sọ pé ọmọdé ń fa òjé sára tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà, ọpọlọ wọn ló sì ń bà jẹ́, kì í ṣe inú rírun téèyàn á tètè rí. Ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù nínú ilé, ó lé ní 400 ọmọ tí òjé pa. Tiyín ò tó bẹ́ẹ̀ o, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, àmọ́ ẹ máa ra omi fún mímu àti oúnjẹ, kẹ́ ẹ fi ti kànga fọṣọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí wọ́n ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ẹ̀fọ́ ẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ ẹ̀fọ́ máa ń fa cadmium sínú ewé.

Ìyá Dámi
Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti da èyí tó wà nínú kúlà nù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè màá gbé omi lọ sí láàbù, màá ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Dámi náà wò. Àwọn aládùúgbò mẹ́ta tó ń pọn nínú kànga yẹn, màá kàn sí wọn nírọ̀lẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn lóyún.