Ṣé ó dáa kí n fi jogbo ṣe ọgbà yí ilé ká?

Olùbéèrè, Mọdákẹ́kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Jogbo olódòdó yẹ́lò ni mo fẹ́ gbìn yí ilé ká, torí ó tètè ń dí. Aládùúgbò ní ewéko ajẹgàba ni. Kí ló ń sọ ewéko di bẹ́ẹ̀? Ṣé òfin wà fún un?

Ará Ifẹ̀
Òótọ́ ló sọ. Ohun mẹ́ta la máa ń wò: èèyàn ló gbé e wá láti ibòmíràn, ó ń tàn kiri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, ó sì ń pa ewéko ìbílẹ̀ lára. Kòkó àti ẹ̀gẹ́ náà ti Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n wọn kì í dédé gba oko olóko. Èkan ń da àgbẹ̀ láàmú lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Èpò ni, kì í ṣe àjèjì. Jogbo ní tirẹ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Agbègbè Mẹ́síkò ló ti wá. Ẹ wo ẹ̀bá títì Ifẹ̀ sí Ìbàdàn nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ewé Akíntọ́lá, tó bá hóró igi Gmelina wọ Nàìjíríà ní 1937.

Olóko Iléṣà
Ní ti òfin, Nàìjíríà wà nínú àdéhùn àgbáyé ọdún 1992 lórí ohun abẹ̀mí, tó ní kí ìjọba dènà irú ewéko bẹ́ẹ̀ tàbí kó kápá rẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tí à ń pè ní NAQS ló ń yẹ irúgbìn wò ní ẹnubodè àti pápákọ̀ òfurufú. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kó òdòdó kankan wọlé láti òkè òkun. Èyí tó ti wọlé tipẹ́, ọwọ́ onílé ló kù sí.

Ará Ifẹ̀
Tí díẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, ẹ má fi àdá bẹ́ ẹ kí ẹ sì fi sílẹ̀. Kùkùté á tún hù, ọ̀pá tútù tó bá sùn sílẹ̀ olómi á sì ta gbòǹgbò. Ẹ fi ọkọ́ wú u tìdítìdí ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí kò tíì yọ òdòdó. Ewé rẹ̀ dára fún ajílẹ̀: ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rì í mọ́ ebè ẹ̀fọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn. Ẹ sá ọ̀pá sórí kọnkéré títí yóò fi gbẹ. Èyí tó bá ti so èso, ẹ sun ún, ẹ má gbé e lọ sí ààtàn rárá. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fa ọmọ tó bá hù kó tó dé orúnkún.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun. Kí ni kí n wá fi ṣe ọgbà?

Olóko Iléṣà
Pèrègún, tàbí akòko. Ẹ gé ọ̀pá tó ga tó mítà kan, ẹ ri ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sáàárín wọn. Orí ọ̀pá ni kó wà lókè o. Èyí tí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, jíjẹrà ló máa ń jẹrà.