Ẹ̀yin onígbàgbọ́, kí lojú yín ti rí níbi iṣẹ́ àti nílé? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Oníráìsì: Ẹ kú ilé o. Ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà ni mo ti ń ta ráìsì àti ẹ̀wà. Kóńgò tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú, tẹ́ ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ẹ ó rí i pé ó wú bí ìdí ìgò. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wọn ọjà fáwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, mo sì ń kọrin nínú kúáyà. Ọjọ́ tá a ka Òwe 11:1, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n èké yẹn, mi ò lè gbé ojú sókè. Mọ́ńdè ni mo ra kóńgò tuntun. Èrè já wálẹ̀, torí iye tí gbogbo ọjà ń tà náà lèmi náà ń tà, bẹ́ẹ̀ tèmi ló kún jù. Àwọn ará ìsọ̀ wa ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Akọ̀wé: Ọ̀gá mi ní kí n kọ rìsíìtì ọgọ́ta fún ọjà ogójì. Mi ò kọ ọ́. Mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Télọ̀ Ìsọ̀kùn: Ìyá, àwọn oníbàárà yín padà wá ṣá?

Ìyá Oníráìsì: Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìyá kan tó ń se oúnjẹ tà ra kóńgò mẹ́rin, ó délé ó tún un wọ̀n, ló bá pè mí pé mo ṣìṣe, ọjà pọ̀ jù. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Òṣómàáló: Kóńgò ṣì rọrùn, gbèsè ńkọ́? Bàbá mi àgbà ta aṣọ àwìn kiri ìlú òkè, òun náà ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó títí á fi san. Àgbà ìjọ ni wọ́n o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?

Dẹ́bọ̀: Ẹ lọ ka Mátíù 18, ìránṣẹ́ tó fún ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́rùn nítorí owó.

Ọmọ Òṣómàáló: Bàbá mi ò fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn! Wọ́n jókòó ni. Owó yẹn ni wọ́n fi rán ọmọ márùn-ún nílé ìwé, ẹni tó jẹ gbèsè náà lẹ́ṣẹ̀ tiẹ̀.

Dírẹ́bà Àkúrẹ́: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí ni mò ń rìn, gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ní Ìkéjì-Arákejì ni mò ń rántí Bàbá Babalọlá, Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC. 1928, iṣẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ni wọ́n ń wa, ẹ̀rọ kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohùn. Ẹnu iṣẹ́ ni Ọlọ́run ti bá wọn o, kì í ṣe orí òkè.

Dẹ́bọ̀: Wọ́n sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àbí wọn ò fi sílẹ̀? Ìgbà tí ìsọjí Òkè-Oòyè níbí ní Iléṣà fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1930, wọn ò wa ẹ̀rọ mọ́. Ẹ má fi tiwọn ṣe àpẹẹrẹ fáwa tá a ṣì ń ṣiṣẹ́.

Dírẹ́bà Àkúrẹ́: Ká ní ọ̀lẹ ni wọ́n, ibo ni ohùn náà ì bá ti bá wọn? Èmi kì í yọ owó nínú ẹrù èrò, mi ò sì ń bẹ ọlọ́pàá pẹ̀lú irọ́, ìyẹn nìwàásù tèmi.

Nọ́ọ̀sì: Gbogbo yín ń sọ tìta. Ilé ló le jù. Ọkọ mi dára sí gbogbo ìjọ, àfi tó bá délé tí iyán ò tíì délẹ̀, ohùn á wá yí padà. Lọ́jọ́ kan ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́rin ń gbàdúrà kó tó sùn, ó ní "Jésù, ẹ jẹ́ kí Dádì máa fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì bá wa sọ̀rọ̀." Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ ló fọ abọ́.

Télọ̀ Ìsọ̀kùn: Ọ̀rọ̀ yìí bá mi o. Èmi náà ń dá ọjọ́ fún oníbàárà pé "ọ̀la, ọ̀la", mo sì mọ̀ pé mi ò tíì gé e.

Akọ̀wé: Ìyá Oníráìsì, kí lẹ ṣe sí kóńgò àtijọ́ yẹn?

Ìyá Oníráìsì: Òun ni mo fi ń fún àwọn adìẹ mi lómi.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ júwe ìsọ̀ yín o, mà. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta. Ẹ má wulẹ̀ fi èènì sí i.

Ìyá Oníráìsì: Màá fi sí i. Ẹ tètè wá, kí oòrùn tó mú.