Ẹlẹ́kítírónì kì í fọ́n ká: ẹ jẹ́ ká wá orúkọ mìíràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó pe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "ultrafast electron diffraction in magnetite", ní "ìfọ́nká ẹlẹ́kítírónì ayárabíàṣá nínú ìpáàrà onífàmọ́ra", mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ orúkọ yìí kò lè dúró. "Ká" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àgbàdo ló ń fọ́n ká nígbà tí igbá bá dà nù. Ohun tó bá fọ́n ká, kò létò mọ́.

Ètò sì ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ lésà lu òkúta òòfà (magnetite), wọ́n á wá rán ẹlẹ́kítírónì, èérún bíńtín inú átọ́ọ̀mù, tẹ̀ lé e. Bí ẹlẹ́kítírónì bá ṣe ń gba àárín àwọn átọ́ọ̀mù tó tò kọjá, ìgbì ni. Níbi tí ìgbì bá ti gbe ìgbì, àmì á mọ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti pa ara wọn, á ṣókùnkùn. Davisson àti Germer, onímọ̀ físíìsì méjì ní Amẹ́ríkà, ti rí irú rẹ̀ lára irin níkẹ́ẹ̀lì ní 1927. Verwey, onímọ̀ ará Netherlands, fi hàn ní 1939 pé nǹkan ń yí padà nínú òkúta òòfà bó bá tutù dé nǹkan bí 125 Kelvin (ìwọ̀n Celsius 148 nísàlẹ̀ òdo): ìtò átọ́ọ̀mù tí gbogbo ìhà rẹ̀ dọ́gba á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní 2024, àwọn ará Lausanne lo ìmọ́lẹ̀ lésà tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 800 nm (nánómítà), wọ́n tún lo ti 400 nm, ìtò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú jáde sì yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹlẹ́kítírónì fọ́n ká, kí ni wọn ì bá fi mọ̀?

Àbá tèmi ni "ìyàlẹ́sẹẹsẹ". Ẹlẹ́kítírónì yà kúrò lọ́nà, lẹ́sẹẹsẹ ló sì yà. Ẹnìkan ti ń sọ pé "ìyà" ń dún níbẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ ìyà nínú "ìyàtọ̀"? Nínú "ìyàsọ́tọ̀" ńkọ́?

"Ayárabíàṣá", kọ̀ǹpútà ti gbà á. Àṣá ò tilẹ̀ yára tó. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000,000,000,000,000: irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni Ahmed Zewail, ọmọ Íjíbítì, fi wo bí àwọn kẹ́míkà ṣe ń yí padà, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1999. Àwọn àgbà tó fi ojú àáyá tó ṣẹ́ wọn àsìkò ti la ọ̀nà fún wa. Kí ló dé tí a ò tọ̀ ọ́?

"Ìpáàrà" ló wá burú jù. Òkúta òòfà dúdú, kì í ṣe ohun pupa ara àdá. Kúrómíọ́mù oní-ọ́ksíjìn méjì tí wọ́n ń fi bo téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì kan láyé ijọ́sí, òòfà lòun náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irin nínú rẹ̀ rárá. Ṣé ẹ máa pe ìyẹn náà ní ìpáàrà? Àti pé nígbà tí "òòfà" ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa, kí la fẹ́ fi "onífàmọ́ra" ṣe?

Ẹni tó ní kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn onífísíìsì, mi ò fi sílẹ̀. Wọ́n mọ ẹlẹ́kítírónì jù mí lọ. "Fọ́n ká" kì í ṣe ti ẹlẹ́kítírónì, ti Yorùbá ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú gbólóhùn kan péré wá, láti ẹnu àgbà èyíkéyìí, tí ohun tó fọ́n ká ti tò lẹ́sẹẹsẹ.